Egbò Ètè, Ife Àjọmu àti Ẹnu Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, bá àwọn ọmọ ilé sọ ní Manchester



   

Nígbà tí Ìyá wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Àwọn méjèèjì tó ohun tí à ń jókòó sọ, a ó sì débẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìkómọ ń bọ̀ lọ́nà nínú ilé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ kékeré kan wá tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹnu tí a fi ń gbàdúrà, tí a fi ń jẹ obì, tí a fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sáyé. Egbò tí ó máa ń yọ sí etí ètè, tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní cold sore, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tí ó ti ṣe rí mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lórí ètè. Ibẹ̀ á máa yún ènìyàn, á máa ta á, á gbóná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìléròrò kéékèèké tí omi wà nínú wọn á ti so jọ síbì kan, ní etí ètè tàbí lábẹ́ imú. Wọ́n á bẹ́, ibẹ̀ á di egbò tútù, lẹ́yìn náà á gbẹ, á sé èépá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí èépá yóò fi ré, bí ọjọ́ mẹ́wàá ni, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Egbò tí ó wà nínú ẹnu lọ́hùn-ún, lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí lábẹ́ ahọ́n, sábà máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Igun ẹnu tí ó là náà, nǹkan mìíràn ni. Mi ò ní í fi ìyẹn dá yín dúró.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bí ó bá yọ sí mi lẹ́nu, màmá mi á ní, "Ibà ló sú sí ọ lẹ́nu yẹn, ó ti ń lọ nìyẹn." Wọ́n kà á sí àmì pé ibà ti ń jáde nínú ara. Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán, mo fi màmá mi rẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi. Ẹ̀yìn náà ni mo wá rí i pé wọn kò jìnnà sí òótọ́ rárá. Ibà kọ́ ló di egbò, ṣùgbọ́n ibà máa ń jí ohun tó ń fa egbò náà sílẹ̀.

Ohun tó ń fà á ni kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní herpes simplex. Oríṣi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́, tí àwọn dókítà ń kọ ní HSV-1, ló sábà máa ń fa ti ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn bílíọ̀nù 3.8 tí wọn kò tí ì pé 50 ọdún ló ní in lára, ìyẹn nǹkan bí 64 nínú 100. Ẹ wo ẹni tó wà ní ọ̀tún yín, ẹ wo ẹni tó wà ní òsì. Kò ní í yà mí lẹ́nu bí ó bá ju ìdajì àwa tó wà nínú yàrá yìí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí a wà lọ́mọdé ni a ti kó o, nípa pé ẹ̀gbọ́n, àǹtí tàbí ìyá àgbà fi ẹnu kò wá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló sì ní in tí kò ní í yọ sí wọn lẹ́nu láéláé.

Bí ó bá ti wọ ara, kì í jáde mọ́. Yóò gba inú iṣan lọ, yóò sì lọ sùn sí ìdí iṣan kan ní ẹ̀gbẹ́ orí, nítòsí etí. Ó lè sùn síbẹ̀ fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ tí agbára ara bá dínkù, yóò gba iṣan kan náà padà wá sí ètè. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń yọ síbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ohun tó ń jí i kò ju mélòó kan lọ: ibà àti òtútù àyà, àárẹ̀, àìsùn, ìbànújẹ́, nǹkan oṣù obìnrin, kí nǹkan gbá ètè, afẹ́fẹ́ tútù, àti oòrùn. Ẹ má fojú kéré oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jó láti àárọ̀ dalẹ́ ní Carnival tí à ń ṣe ní Alexandra Park nínú oṣù August, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ilé ní Jàmáíkà tàbí Trinidad, ẹ fi ìpara tí ń dènà oòrùn sí ètè yín, kì í ṣe sí ojú nìkan. Dúdú tí a dúdú kò sọ pé kí ètè wa má jóná.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́ inú ilé yìí fetí sílẹ̀ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n á ní kí a wo "ibi tó pọ́n". Lára ta ni? Lára aláwọ̀ funfun. Ní awọ ara tiwa, ibẹ̀ lè má pọ́n rárá. Ó lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ni ẹ ó fi mọ̀ pé ó gbóná tàbí pé ó ti wú. Lẹ́yìn tí ó bá jinná, ojú ibẹ̀ lè dúdú tàbí kó funfun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dúdú kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Malone Mukwende, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní St George's, ṣe ìwé kan jáde tí ó ń fi bí àmì àìsàn ṣe ń rí lára aláwọ̀ dúdú hàn. Mind the Gap ni wọ́n pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ni o! Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, mi ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi kankan. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ó wò yín fìrí tí ó ní òun kò rí nǹkan kan, ẹ ní kí ó tún un wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè fò nínú ilé bí eléyìí. Bí nǹkan bá ti sú sí ẹnìkan lára, àwọn kan á ti máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé Ọbalúayé ló ń bínú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Olóde ni à ń pe Bàbá, a kì í sì í fi orúkọ wọn ṣeré. Ìgbóná tí àwọn baba wa mọ̀ mọ́ Ṣọ̀pọ̀nná kò sí láyé mọ́. Ní ọdún 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn láìjẹ́ pé ó ti inú ilé ìwádìí jáde, ní orílẹ̀-èdè Somalia, nígbà tí ó sì di oṣù May 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parí pátápátá. Egbò ètè kò bá ìgbóná tan. Ẹni tí ó yọ sí lẹ́nu kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ní ètùtù kankan láti ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ bọ Ọbalúayé, ẹ bọ wọ́n tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ má fi egbò ọmọlàkejì yín ṣe àwíjàre.

Ó yá, ìtọ́jú. Òògùn tí ẹ ó rí lọ́dọ̀ àwọn apòògùn ní ìlú yìí láì gba ìwé dókítà ni ìpara aciclovir. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni à ń fi í, fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Àṣírí rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kí ẹ tètè fi í: nígbà tí èèrà bá ń rìn lórí ètè, kí ìléròrò tó yọ. Bí ó bá ti di egbò kí ẹ tó rántí, owó lẹ ń ná. Mi ò ní í tàn yín jẹ, bí ẹ bá tilẹ̀ tètè fi í, ọjọ́ kan tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló lè yọ kúrò nínú ọjọ́ egbò náà. Fífọwọ́ fi í ni kí ẹ ṣe, ẹ má rìn ín mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ra òrí, kí ẹ sì fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹni tí ó ń yọ sí lemọ́lemọ́, kí ó lọ bá dókítà rẹ̀, oníhóró wà tí ó lágbára ju ìpara lọ.

Ìtàn òògùn yìí dùn mọ́ mi nínú. Nínú àwọn ọdún 1970 ni Howard Schaeffer àti Gertrude Elion pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i ní ilé iṣẹ́ Burroughs Wellcome. Ní ọdún 1988, Elion wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn. Òògùn kan wà tí wọ́n ti ń lò fún fáírọ́ọ̀sì yìí ṣáájú, vidarabine ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ara kànìnkànìn inú òkun kan tí Werner Bergmann ṣàyẹ̀wò ní etí òkun Florida, ní nǹkan bí ọdún 1950. Omi Yemọja kan náà tí ó fọ etí àwọn erékùṣù yín, ẹ̀yin ọmọ Jàmáíkà àti Barbados. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni pé mo ti gbàgbé ewé. Mi ò gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oyin, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Ọ̀ṣun pọ̀ níbí. Ní ọdún 2019, àwọn oníwádìí ní New Zealand gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé BMJ Open. Ènìyàn 952 tó ní egbò ètè ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní ìpara aciclovir, wọ́n sì fún àwọn tó kù ní ìpara oyin kan láti ara òdòdó igi kanuka tó ń hù lọ́dọ̀ wọn. Ti aciclovir jinná láàárín ọjọ́ 8, ti oyin láàárín ọjọ́ 9, ìyàtọ̀ náà kò sì tó ohun tí à ń pè ní ìyàtọ̀. Èyí kò sọ pé kí ẹ lọ da oyin inú ìgò tí ó ti wà ní kíṣìnì láti ọdún mẹ́ta sí ètè. Oyin tí wọ́n ti sẹ́ fún ìtọ́jú egbò ni wọ́n lò. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé oúnjẹ lásán ni oyin, ẹ ti mọ èsì.

Ewé balm tí àwọn òyìnbó ń gbìn sínú ọgbà wọn, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ọsàn wẹ́wẹ́, ìpara rẹ̀ náà ti ran àwọn kan lọ́wọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Etí erin a máa mú ara tutù. Òrí dára púpọ̀ nígbà tí èépá bá ti sé, kí ó má baà máa là tí a bá rẹ́rìn-ín. Ẹ fi owú bù ú, ẹ má tọ ìka bọ inú agolo tí gbogbo ilé ń lò. Ọṣẹ dúdú dára fún ọwọ́ yín, ẹ má fi ha egbò. Ẹ má jẹ atare kí ẹ tú u sí i lórí, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ọtí líle náà kò wo ó sàn, ó kàn ń jó o ni.

Fún ìrora: ẹ fi aṣọ mímọ́ wé omi dídì, ẹ gbé e lé e. Paracetamol tàbí ibuprofen lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí kò tí ì pé 16 ọdún ní aspirin. Ẹ máa mu omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ata rodo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kò ní í kú. Ẹ má já èépá. Ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi kàn án nu ojú, nítorí pé bí kòkòrò yìí bá wọ ẹyinjú, ó lè ba ìríran jẹ́. Bí egbò bá wà ní ètè tí ojú kan wá ń ro yín, tí ó pọ́n, tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ má sùn mọ́jú. Ilé ìwòsàn ojú, Royal Eye Hospital, wà ní Oxford Road níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń gba ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí fún èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Orúkọ herpes ti tú ilé ká. Ọkùnrin kan á rí i lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, á lọ kà nípa rẹ̀, á wá máa béèrè ibi tí ó lọ. Mo ti wí i fún yín, ọ̀pọ̀ ló kó o ní kékeré, ó sì lè sùn fún ọdún gbọọrọ kó tó yọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Egbò ètè kì í ṣe ẹ̀rí panṣágà. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ni pé ẹni tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀ lè kó o ran ojú ara ẹnìkejì bí wọ́n bá fi ẹnu ṣe eré ìfẹ́. Títí èépá yóò fi ré, ẹ ní sùúrù fún ara yín.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Fún àwa àgbà tí ara wa le, ìyọlẹ́nu lásán ni egbò yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀, gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà. Ọmọ tí èkísímà ń ṣe náà, bí ìléròrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sú lé e lára, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tuntun, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kòkòrò yìí lè pa á. Kò wọ́pọ̀, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tuntun kò tí ì mọ bí a ti ń bá a jà, ó sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Ẹnu tí a fi kò ó ló sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìbí.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ìkómọ wa. Ọjọ́ kẹjọ. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, atare. Àgbà á tọ́ oyin wò, á ṣàdúrà, á sì fi ìka kan náà kan ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn a ó máa gbé ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú á máa fi ẹnu kò ó. Ife ọtí kan ṣoṣo á sì máa yí ká.

Ó máa ń ṣe èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ìkómọ kan, kì í ṣe nínú ilé yìí, ó wà lẹ́nu mi, ó ṣì tutù. Mo fi àtíkè bò ó. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ló kàn." Gbogbo ojú wà lára mi. Mo tọ́ oyin náà wò, mo sì fi ìka yẹn kan ọmọ lẹ́nu. Mo mọ̀ o. Iṣẹ́ mi ni. Ojú ló tì mí láti sọ pé rárá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko mi ò sùn dáadáa. Àràárọ̀ ni mò ń pe ìyá ọmọ lórí fóònù, "Ṣé ọmọ mu ọmú? Ṣé ara rẹ̀ kò gbóná?" Ó rò pé ìfẹ́ ni. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Hulme báyìí. Ọdún tó kọjá ni mo tó sọ fún ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà yẹn, Àǹtí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Àkọ́kọ́, kí a má fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu tàbí lójú mọ́ nínú ilé yìí, ẹni yòówù kí ó jẹ́, egbò wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí kò sí, nítorí pé kòkòrò náà lè wà nínú itọ́ nígbà tí egbò kò tí ì hàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá ọmọ tí ó bá yọ sí lẹ́nu lè máa fún ọmọ lọ́mú lọ, bí kò bá ti sí egbò lára ọmú náà. Kí ó fọ ọwọ́ dáadáa, kí ó bo ibẹ̀, kí ó má sì fi ẹnu kò ó.

Èkejì ni oyin. Èyí le díẹ̀, mo mọ̀. Yàtọ̀ sí ti itọ́, oyin fúnra rẹ̀ kò yẹ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan. Irú kòkòrò mìíràn kan wà tí ó lè fara pamọ́ sínú oyin, àgbà kì í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ọwọ́ ó lè hù, kí ó tú májèlé jáde tí yóò sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Àwọn elétò ìlera ìlú yìí ń kìlọ̀ rẹ̀ fún gbogbo abiyamọ, dókítà ní Nàìjíríà náà á sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ṣé àwa tí wọ́n fi oyin kàn lẹ́nu kú ni?" Rárá, Bàbá, ẹ ò kú, a dúpẹ́. Àwọn tó kú kò sí níbí láti dáhùn.

Ohun tí mo rò ni pé kí a fi oyin náà kan ìyá ọmọ lẹ́nu, àti baba ọmọ. Ìyá ló gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, ohun tí ìyá jẹ ni ọmọ ń mu. Àdúrà adùn kò ní í ṣìnà láti ètè ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Iyọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Omi, kí a fi wọ́n ọn lẹ́sẹ̀. Èmi kì í ṣe babaláwo, mi ò sì ní í pàṣẹ fún àwọn tó jù mí lọ. Bí Bàbá wa bá fẹ́ dá obì kí wọ́n fi béèrè, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò le rárá: kí oníkálukú ní ife tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé fífi ara kan ara ni kòkòrò yìí fi ń ràn jù, ife kò léwu tó ẹnu. Ṣùgbọ́n ife tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tí egbò rẹ̀ tutù kọjá sí ọwọ́ mi, tí etí rẹ̀ ṣì ń dán, èmi kò fẹ́. Kí a sì fi ọ̀bẹ gé obì, kí a má máa fi eyín gé e fún ara wa.

Kí n tó jókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọmọ tí kò tí ì pé oṣù kan kò bá mu ọmú mọ́, tí ó rọ̀ jọ̀ọ̀ lọ́wọ́, tí ó ń sùn jù tí kò fẹ́ jí, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù lódì, tí igbe rẹ̀ yí padà, tàbí tí ìléròrò yọ sí i níbikíbi, ẹ má fi àgbo dán an wò, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ìléròrò lè má yọ rárá. Bí kò bá ṣeé jí, tàbí tí mímí rẹ̀ yàtọ̀, 999 ni kí ẹ pè. Royal Manchester Children's Hospital wà ní Oxford Road kan náà. Ẹ sọ fún wọn kedere pé, "Ẹnìkan tó ní cold sore fọwọ́ kan ọmọ yìí." Gbólóhùn yẹn á jẹ́ kí wọ́n tètè fa aciclovir sí i níṣan, wákàtí díẹ̀ sì lè ya ìyè sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti dárúkọ ẹni náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èmi.

Mo ti ra ife kéékèèké ogójì, wọ́n wà nínú báàgì lábẹ́ tábìlì yẹn. Ìyá wa àti Bàbá wa ni yóò sọ bóyá kí n tú u sílẹ̀ fún ìkómọ tó ń bọ̀.